Ọ̀pá Ìwọ̀ Mélòó Ni Kí A Gbé Lọ Sódò?

Bí ẹnì kan bá ti fìdí kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rédíò rẹ̀ tó ń retí pé ọ̀rọ̀ òwú, ọ̀rọ̀ kajú tàbí ọ̀rọ̀ iṣu ni mo tún gbé dé, kí ó má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ ẹja ni ti alẹ́ òní, àní ọ̀rọ̀ ẹrù tí apẹja ń gbé léjìká kí ó tó fi ilé sílẹ̀.

Ìbéèrè kan ni ó bí i. Ní ọjọ́ ọjà tí a ná kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní àdúgbò wa tọ̀ mí wá ní abẹ́ igi máńgòrò tí mo máa ń jókòó sí, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi tán, ó sì na ẹ̀rọ ìléwọ́ rẹ̀ sí mi pé kí n wá wo ohun tí ojú òun rí. Àwòrán tó ń rìn ni. Òyìnbó Amẹ́ríkà kan dúró lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń dán bí àwo tuntun, ọ̀pá ìwọ̀ tó súnmọ́ ogún sì tò sí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọ̀kọ̀ àwọn ọmọ ogun, ó ń mú ọ̀kan, ó ń fi í sílẹ̀, ó ń mú òmíràn. Ọmọ náà wí pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀kan ṣoṣo ni èmi ní. Ṣé ohun tí kì í jẹ́ kí n rí ẹja gidi pa nìyẹn?” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ó máa lọ, pé n óò dá a lóhùn bí mo bá ti rò ó dáadáa. Mo ti rò ó báyìí, mo sì mú ìdáhùn náà wá síwájú gbogbo yín, nítorí ó dá mi lójú pé kì í ṣe òun nìkan ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń jẹ lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú omi tí a ń bá lò. Àwa ará Bantè àti Savalou kì í ṣe ará etí òkun, a kì í sì í ṣe ará Ganvié tí wọ́n bí sójú omi tí wọ́n sì kọ́lé sójú omi. Àgbẹ̀ ni wá. Ẹja pípa jẹ́ iṣẹ́ àbọ̀ oko fún èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Odò Agbado tó ń ṣàn ní agbègbè Savalou ń lọ bá odò Zou, odò Zou ń lọ bá odò Ouémé, Ouémé tó gùn tó 510 kìlómítà, tí kò sí odò mìíràn tó gùn tó o ní gbogbo ilẹ̀ Benin, sì ń kó omi gbogbo wọn lọ dà sínú ọ̀sà Nokoué lẹ́bàá Cotonou kí ó tó kan òkun. Nígbà tí Savalou bá ń ṣe ọdún iṣu tuntun ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, àwọn omi wọ̀nyí a ti máa gbéra sókè, wọn a pọ́n bí amọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, omi aláìlápá aláìlẹ́sẹ̀ a sì máa wọ́ ìtì igi tí ọkùnrin mẹ́wàá kò lè gbé. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn sì mú dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìṣàn kéékèèké a gbẹ di iyanrìn àti àpáta, a ó wá máa rí ibú kọ̀ọ̀kan níhìn-ín lọ́hùn-ún tí omi ṣẹ́kù sí, tí ẹja gbogbo sì há sí bí àlejò ìgbéyàwó nínú yàrá kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń béèrè iye ọ̀pá láì béèrè oṣù tí a wà, ó dà bí ẹni tó ń béèrè iye aṣọ tí òun yóò wọ̀ láì yọjú wo ojú ọ̀run.

Mo ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí, ẹ ó sì jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, ẹni tí ó kọ́ mi ní odò, kì í gbé ju ọ̀pá méjì lọ láyé rẹ̀. Ọparun tó ti gbó ni ó máa ń gé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. A so ó mọ́ àjà ilé ìdáná, ní òkè ààrò, títí èéfín yóò fi mú un pọ́n tí ara rẹ̀ yóò sì le, kí ó tó fi okùn kàn án. Ọ̀kan le bí apá alágbẹ̀dẹ, èkejì rọ̀ lórí bí ìrù ológbò. N kò bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí, nítorí ọmọdé ni mo jẹ́, ohun tó pọ̀ ni ó sì ń wù mí, kì í ṣe ohun tó yàtọ̀. Ọdún tí mo kọ́kọ́ ta ẹ̀pà tara mi, mo ra okùn náílọ́nù, mo ra ìwọ̀ ẹ̀kún ọwọ́ kan, mo gé ọparun mẹ́fà, mo sì dì wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ mi gbọọrọ, tó jẹ́ pé bí mo ti ń gba àárín ọjà kọjá ni àwọn ìyá ẹlẹ́kọ ń fi mí bú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wo ẹrù náà, ó wo ojú mi, ohun kan ṣoṣo ni ó sì sọ: “Ojú mélòó ni o ní?”

Èmi kò gbọ́ èdè náà. Mo dé etí ibú, mo gún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́lẹ̀ létí omi, mo jókòó bí ọba tó ní ìjòyè mẹ́fà. Kò pẹ́, èkejì tẹ̀. Mo sáré lọ síbẹ̀, mo fà á, epìyà tó tó àtẹ́lẹwọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí n tó yọ ọ́ lẹ́nu ìwọ̀ ni ẹ̀kẹrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, nígbà tí mo sì fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹrin, ẹja tó wà níbẹ̀ ti rìn yí okùn ìkẹta ká, ìkẹta ti fa ìkarùn-ún mọ́ra, okùn mẹ́ta ti di ìtẹ́ ẹyẹ. Ibi tí mo ti ń tú ìyẹn ni mo ti gbọ́ “fọ́ọ̀” lẹ́yìn mi. Mo yíjú padà, mo rí ọ̀pá ìkẹfà mi láàárín ibú, ó nàró ṣánṣán, ó sì ń rì lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ti dágbére fún ilé. Ẹni tó lé eku méjì ló ń pòfo. Kí ni kí a wá sọ nípa ẹni tó lé mẹ́fà? Epìyà méjì péré ni mo gbé délé, ọjọ́ kẹta ni mo tó tú okùn tán. Ẹja tó gbé ọ̀pá mi lọ ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹja tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni ló ń tóbi, nítorí náà n kò ní í sọ bí ó ti tó.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí tí ọ̀pá méjì àgbà yẹn kò fi rí bákan náà. Ẹ wo epìyà, epìyà abàyà pẹrẹsẹ, oníwọ̀ntúnwọ̀nsì ẹja: ẹnu rẹ̀ kéré, ewéko àti ìdọ̀tí tútù ara òkúta ni ó fi ń ṣe oúnjẹ jù, bí ó bá sì kan ekòló lẹ́nu ìwọ̀, ṣe ni ó ń tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀ bí ìyàwó ilé tó ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò. Bí ọ̀pá rẹ bá le, o kò ní í mọ̀ pé ó ti wá, ti lọ. Ìwọ̀ kékeré, okùn tín-ín-rín, ọ̀pá tí orí rẹ̀ rọ̀, ìyẹn ni tirẹ̀. Ẹ wá wo àrọ̀, onírùngbọ̀n bí àlùfáà, ajẹ̀gbé-orí-abàtà, ẹja tó lè mí afẹ́fẹ́ bí àwa ènìyàn, tí a lè gbé kúrò lódò ní ìrọ̀lẹ́ tí yóò sì ṣì máa mí nínú agbọ̀n tí ara rẹ̀ bá tutù. Ìyẹn kì í tọ́ nǹkan wò. Ìsàlẹ̀ omi ni ó ń rìn, òru ni ó fẹ́ràn, irùngbọ̀n rẹ̀ ni ó fi ń wá oúnjẹ kiri nínú ẹrẹ̀. Bí ó bá sì ti gbé ìjẹ mì, abẹ́ gbòǹgbò igi ni ó ń forí lé. Ọ̀pá tó rọ̀ kò lè dá a padà níbẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìwọ̀n ẹja àti ìwọ̀n ibi tó ń gbé sì ni ìwọ̀n ọ̀pá.

Ti òjíjí, n kò ní í gùn ún lọ. Ẹja tí iná ara rẹ̀ lè tó 350 fóòtì, bí ó bá gbé ìwọ̀ rẹ, gé okùn náà kí o sì jọ̀wọ́ ìwọ̀ náà fún un.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ òyìnbó ọlọ́pá ogún, kí a má baà pè é ní ọ̀kánjúà láì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹja tí ó ń wá ni wọ́n ń pè ní báàsì, ẹlẹ́nu gbàgà, apẹja-jẹ, abúra-sábẹ́-ìtì. Kò sí nínú odò wa. Amẹ́ríkà ti Àríwá ni ilé rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní 1928 wọ́n gbé e kọjá òkun wá sí Gúúsù Áfíríkà nítorí àtifi ìwọ̀ pa á ṣeré. Ohun tí wọ́n fi ń tàn án jù ni ìwọ̀ kan tí wọ́n da òjé mọ́ lórí, tí wọ́n sì so fọ́nrán rọ́bà wẹ́wẹ́ mọ́, èyí tó ń ṣe yẹ́rẹyẹ̀rẹ nínú omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Jíìgì ni wọ́n ń pè é. Apẹja a jù ú sí ìsàlẹ̀, a máa fi ọ̀pá ta á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ kí ó lè máa fò lórí ẹrẹ̀, ẹja a sì rò pé ohun ẹlẹ́mìí ni. Jíìgì yìí nìkan, oríṣiríṣi ni. Èyí tó wúwo tó gíráàmù ogún, tí a ń sọ gba àárín koríko dídí, ń fẹ́ ọ̀pá líle tó gùn ju mítà méjì lọ àti okùn tó nípọn, kí a lè fa ẹja jáde tòun ti koríko. Èyí tí kò ju gíráàmù méje lọ, tí a ń lò níbi tí omi ti mọ́ tí ibẹ̀ sì ṣí, ń fẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ àti okùn tí ojú ẹja kò lè tètè rí. Èyí tí a ń fà kọjá nítòsí ojú omi tún ń fẹ́ ọ̀pá tí orí rẹ̀ ń jọ̀wọ́ díẹ̀ kí ẹja tó gbé e mì tán. Nítorí náà, ẹni tó gbé ọ̀pá jíìgì mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò gbé ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ìdí kejì tí ọ̀pá òyìnbó náà fi pọ̀ ni pé ìdíje ni ó ń ṣe. Ní ọ̀pọ̀ irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ẹja márùn-ún tí ó wúwo jù lọ ni wọ́n ń wọ̀n fún apẹja kọ̀ọ̀kan lópin ọjọ́, aago sì ń lù. Ẹni tó bá jókòó láti já ìwọ̀ kan kúrò kó sì so òmíràn, ẹlòmíràn ti fi àsìkò yẹn pa ẹja. Ó rọrùn fún un kí ó na ọwọ́ mú ọ̀pá tí a ti so sílẹ̀. Ọkọ̀ ni ó sì ń gbé e, kì í ṣe èjìká. Àwa tí à ń fi ẹsẹ̀ gba inú oko kajú lọ sódò, ta ni ó ń fi aago lé wa?

Àwọn òyìnbó náà mọ̀ pé kì í ṣe iye ọ̀pá ni ó ń pa ẹja. Ní 1971, nígbà tí ẹgbẹ́ apẹja báàsì tí Ray Scott dá sílẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdíje àgbà tí wọ́n ń pè ní Bassmaster Classic, wọ́n kó apẹja 24 sínú ọkọ̀ òfurufú láì sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún wọn, àfi ìgbà tí ọkọ̀ ti wà lókè. Wọ́n sì díwọ̀n ẹrù tí ẹnikẹ́ni lè mú dání. Adágún Mead ní Nevada ni wọ́n bá ara wọn, omi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò múra sílẹ̀ fún. Bobby Murray ni ó borí, ó sì gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti George Perry, nítorí àgbẹ̀ bíi tiwa ni. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1932, ní ìpínlẹ̀ Georgia, nígbà tí ọwọ́ ìṣẹ́ le lára gbogbo ènìyàn lọ́hùn-ún, wọ́n ní òjò ti rọ̀ tí ilẹ̀ fi tutù ju ohun tí a lè ro lọ, ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá gba ibi adágún Montgomery lọ. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni wọ́n ní láàárín ara wọn, bí a ti ń pa ìtàn náà, wọ́n sì ń gbà á lò lọ́wọ́ ara wọn. Pẹ̀lú ọ̀pá kan yẹn ni Perry fi gbé báàsì tó wúwo ju kìlógíráàmù mẹ́wàá lọ jáde. Láti ọdún yẹn títí di òní, kò tíì sí ẹni tó pa èyí tí wọ́n kà sí pé ó ju tirẹ̀ lọ. Ará Japan kan, Manabu Kurita, ni ó pa irú rẹ̀ ní adágún Biwa ní 2009, wọ́n sì ní ọgbọọgba ni àwọn méjèèjì. Ohun tí Perry sì ṣe sí ẹja náà lẹ́yìn tí ó wọ̀n ọ́n tán? Ó gbé e lọ sílé, wọ́n sì sè é jẹ. Bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, mo mọ̀ pé àwọn ìyá tó ń gbọ́ mi ti gbà pé ọlọgbọ́n ọmọ ni.

Nítòsí wa níhìn-ín pàápàá, ní Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi ti Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún ẹja láti 1934, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní ń bẹ́ sómi lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó sì wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju àwọ̀n àfọwọ́dì àti igbá lọ. Kò sí ọ̀pá rárá.

Ní báyìí, ìdájọ́ tèmi. Fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn tàbí tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo fọwọ́ sí ọ̀pá mẹ́ta, méjì fún iṣẹ́, ọ̀kan fún ìjàǹbá. Ọ̀kan nínú méjì náà rọ̀, fún epìyà nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Èkejì le, fún àrọ̀ láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Kí méjèèjì má ṣe jìnnà sí ara wọn ju ohun tí ojú kan lè rí láì yí ọrùn. Ẹ̀kẹta, kí ó sùn sínú koríko lẹ́yìn rẹ, kí a ti so ìwọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kan omi àyàfi tí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ṣẹ́. Ẹni tó da omi síwájú ni ó ń tẹ ilẹ̀ tútù. Bí o bá rí i pé ọwọ́ ń yún ọ láti gún ẹ̀kẹta náà mọ́lẹ̀, rántí ìbéèrè ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Nígbà tí omi bá kún, ọ̀kan tó le ti tó, kí ó sì máa wà ní ọwọ́ rẹ, kí ó má ṣe wà ní ilẹ̀. Omi yẹn lágbára, ẹja ti ta kiri sínú koríko etí odò, ìwọ náà yóò sì máa rìn tẹ̀lé e. Ẹni tó ń rìn kò lè ṣọ́ ohun tó gún sílẹ̀. Fún ọmọdé, ọ̀kan ni, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ èdè tí ẹja ń bá okùn sọ. Àwọn tó ń ta okùn gígùn tó kún fún ìwọ̀ sínú odò ní àṣálẹ́, tí wọ́n sì ń lọ sùn, tiwọn yàtọ̀, nítorí wọn kò ṣọ́ ọ. Kí wọ́n ṣáà tètè jí, kí awọ́nríwọ́n má baà gba ìpín tirẹ̀ ṣáájú wọn.

Ohun tó yẹ kí ó pọ̀ ni ìwọ̀, kì í ṣe ọ̀pá. Agolo kékeré kan tí ìwọ̀ ńlá àti kékeré wà nínú rẹ̀, òjé díẹ̀, okùn ìwọ̀n apá mẹ́wàá, kò tó ẹrù fún ọmọ ọdún méje. Kí o sì gún ẹnu ìwọ̀ gbogbo mọ́ ìbòrí ìgò tàbí ègé igi fúyẹ́ kí o tó gun ọ̀kadà zémíjàn. Mo mọ ọlọ́kadà kan tí etí rẹ̀ kò tíì gbàgbé èmi àti ọ̀pá mi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí kì í gbé ọ̀pá kankan lọ. Ìgò oògùn òwú ni wọ́n ń gbé lọ dà sínú ibú, kí gbogbo ẹja, àti ọmọ ẹja, àti ọ̀pọ̀lọ́ léfòó lẹ́ẹ̀kan. Òfin ẹja pípa tí ilẹ̀ Benin ṣe ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2014 kò fàyè gbà á, ènìyàn sì ń mu nínú omi yẹn. Ẹ kìlọ̀ fún wọn nílé yín, ẹ má dúró de ìjọba.

Ìwọ ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà, bí o bá wà nídìí rédíò: ọ̀kan tí o ní kò ṣẹ̀ ọ́; mo wò ó, ọ̀pá líle ni, epìyà ni o sì fi ń wá lọ́sàn-án gangan. Ọparun mẹ́rin wà ní àjà ilé ìdáná mi tí èéfín ti mú dáadáa. Wá ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí o yan èyí tí orí rẹ̀ rọ̀ jù nínú wọn, kí o sì mú ekòló lọ́wọ́.